Mo Kà Á, Ó Pé

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹsàn-án, 2024

Lẹ́tà kan dé ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ebiere tó ń bá mi se pẹpẹsúùpù ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá — epo ti wà lára rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ń fi orin sí i níbi tí oníbàárà ń jókòó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bá àwọn olórin gbowó. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo ibẹ̀.

Ẹ̀rín pa mí. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí sí ẹ̀gbẹ́ Liverpool Road, kò sí ọdún tí mi ò gba tíkẹ́ẹ̀tì rédíò lọ́wọ́ kánsù. Gbogbo wọn wà lára ògiri, pupa, àwọ̀ ewé, òféefèé, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Mo dìde lọ kà wọ́n. Mẹ́sàn-án. Ó pé. Mo fi lẹ́tà náà nu tábìlì.

Àṣà èbúté ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé tálì, ẹni tó ń ka ẹrù ọkọ̀, ní Àpápá kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé. Bí mo ṣe ń kọ ọjọ́ sórí ìwé tálì nígbà náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí. Ohun tí n kò bá kọ, kò wọlé.

Orin wo gan-an ni wọ́n ń sọ? Mo ń fi oríṣiríṣi sí i, òótọ́ ni, àwọn awakọ̀ kì í jẹun nínú ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni mo kà sí orin: ti Fọláyọ̀, ìyàwó mi. Ọdún kẹfà rèé tó ti lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kan péré ló ṣe láyé ẹ̀, ní 1993. Dára ọmọ wa ló bá mi gbé e sínú fóònù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àwọn onítírélà bá ń wọlé, mo máa ń tẹ̀ ẹ́, Dúdú — sípíkà mi — á sì gbé ohùn rẹ̀ jáde: *Ẹrù kì í ṣe orí, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jókòó.*

Nígbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí orin òun kú sínú yàrá. Kí àwọn tó ń ru ẹrù máa gbọ́ ọ. Mo ní mo gbọ́. Nínú gbogbo ìlérí tí mo ṣe fún un, ìyẹn nìkan ló kù tí mo ṣì ń mú ṣẹ.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Òjò. Tírélà tò dé ẹnu ọ̀nà wa. Orúnkún mi ń bú mi. Akpevwe, awakọ̀ kọntéénà tí kì í jẹun níbòmíràn, ní kí n fi "Mama song" sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta.


Ọjọ́bọ̀, 5

Wọ́n dé.

Ọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan. Ọkùnrin náà ní Cyril lorúkọ òun. Bàtà rẹ̀ ń dán nínú ẹrẹ̀ yìí, mi ò mọ ibi tó gbà wá. Bàtà Dídán ni mo sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà gbá fáìlì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Fáìlì lorúkọ tiẹ̀.

Wọn ò jágbe mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú, torí ẹni tó bá jágbe, mo mọ bí mo ṣe ń dá a lóhùn. Mo mú wọn dé ìdí ògiri. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, kò sí ọdún tó fò. Bàtà Dídán wò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Daddy, this one na for the radio. E no be for the song." Fáìlì wá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sọ ọ́ ní Yorùbá kó lè yé mi dáadáa: "Ẹ má bínú sà, àpótí lẹ sanwó fún. Ohun tó wà nínú àpótí lẹ ò tíì sanwó fún."

Èmi ni wọ́n ń sọ fún! Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún ka àpótí láì ṣí ọ̀kan rí. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Ohun tó wà nínú àpótí, ti kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Tìrẹ ni pé wọ́n ní mẹ́rin, o ka mẹ́rin, o fa tíìkì, o fọwọ́ sí i, o ní ó pé. Ẹni tó bá ń yọjú wo inú àpótí ní èbúté, olè ni wọ́n ń pè é.

Mo sọ fún wọn pé orin ìyàwó mi ni mò ń gbọ́. Ṣé kí n wá tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba kí n tó gbọ́ ìyàwó mi ni? Ohùn mi ti lọ sókè. Ebiere fi ìkòkò sílẹ̀ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "Oga, no vex, no vex." Bàtà Dídán ní kò sẹ́ni tó ní kí n má gbọ́ ọ nílé. Ibi tí oníbàárà bá ń jókòó ni òfin dé. Ó wá jókòó — ó jókòó o, sórí bẹ́ǹṣì mi tó lẹ̀ — ó bi mí bóyá Fọláyọ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan nígbà tó fẹ́ ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Tí ìwé náà bá fi hàn pé kò gbé orin rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé tiwa ni. Kí n yọ gbogbo orin yòókù kúrò, kí n máa fi tiwa nìkan sí i, òun á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí n wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí n pa orin ná.

Ọmọlúàbí ni. Mo kórìíra ẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 6

Mo pa Dúdú.

Aago mẹ́rin lù. Kò sí nǹkan kan. Ṣíbí nìkan. Jẹnẹrétọ̀. Fèrè tírélà. Ẹnu tó ń họ egungun. Mi ò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mi burẹ́wà tó yẹn.

Akpevwe wo ojú mi, ó ní, "Oga Tally, Mama dey sick?" Bí ẹni pé ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn tó sùn. Mo ní kò síná. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù létí wa bí mo ṣe ń pa irọ́ yẹn. Ó jẹun tán, kò béèrè ìgò kejì.

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo máa sin ín. Ti àkọ́kọ́, àwọn èèyàn bá mi sunkún.


Ọjọ́ Àìkú, 8

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ni mo wà, ní Ajégúnlẹ̀, mo fa àpótí Fọláyọ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọdún mẹ́fà mi ò ṣí i. Ìwé orin rẹ̀. Ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ ọmọ iléèwé sílẹ̀, ó kún fún pẹ́ńsùlù — kì í fi bírò kọ nǹkan tí kò bá dá a lójú. Awò rẹ̀ tí apá kan ti ṣẹ́. Mo gbé awò náà sójú. Mi ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mi ò tètè yọ ọ́.

Ìwé náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú nylon. Kí ojú mi tó bá ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ọwọ́ mi ti ń ṣiṣẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó pé! Tíìkì mi wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Mo rántí ọjọ́ náà bí àná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ọkọ̀ ìrẹsì dé, ara mi funfun. Nnaemeka oníkásẹ́ẹ̀tì ń fọn fèrè mọ́tò nísàlẹ̀, ó ní òun ń lọ. Fọláyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé náà. "Bàbá Dára, ẹ bá mi kà á." Mo lá àtàǹpàkò, mo kà á. Mo ní ó pé. Ó wò mí, ó wò mí pẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ó wá fọwọ́ sí i. Mi ò rí i kí ayọ̀ gbà á tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀la ni mo máa gbé e lọ bá Bàtà Dídán. Mo ti ń kọrin.


Ọjọ́ Ajé, 9

Àjà kejì ni ọ́fíìsì wọn wà. Tipátipá ni orúnkún mi fi gùn ún.

Bàtà Dídán ka ìwé náà. Ó pẹ́. Ó padà sẹ́yìn, ó tún kà á. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Daddy, you read this thing?" Mo ní mo kà á o, mo kà á níjọ́ náà, mo tún kà á lánàá, mẹ́rin ni. Ó wò mí. Fáìlì kọjú sí fèrèsé.

Ojú ìwé kẹta. Ó tẹ ìka mọ́ ọn. Fọláyọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ fún Nnaemeka: orin, ohùn, orúkọ tó fún orin náà. Láéláé. Nnaemeka ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta gbogbo kásẹ́ẹ̀tì bàbá wọn fún ilé-iṣẹ́ kan ní Island. Àwọn ló ni ín báyìí. Tí mo bá fẹ́ kó kọrin ní ṣọ́ọ̀bù mi, kí n gba ìwé àṣẹ bíi gbogbo ayé. Nínú ohun tí mo bá san, díẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ wa.

Ó ṣe fọ́tòkọ́pì fún mi. Ó ní kí ojúlówó ṣì wà lọ́wọ́ òun kí ọ̀gá òun rí i, pé òun á dá a padà. Ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó di apá mi mú ní gbogbo àtẹ̀gùn. Mi ò ní agbára láti já a gbà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.


Ọjọ́rú, 11

Mo ka fọ́tòkọ́pì náà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo kà o, kì í ṣe bébà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó ṣe é.

Òyìnbó rẹ̀ kò le. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Mo ń ka ìwé ẹrù tó le ju èyí lọ lójoojúmọ́ nígbà yẹn. *Gbogbo ẹ̀tọ́ lórí orin yìí àti ohùn tó kọ ọ́, ní ibi gbogbo láyé, títí láé.* Ọmọ ọdún méjìlá á lóye rẹ̀. Tíìkì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúró gbagidi. Tí mo bá ṣí i ni, tí mo bá yọjú wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo...

Àfọwọ́fà. Wọ́n ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nnaemeka ń fọn fèrè, ebi ń pa mí, mo fẹ́ wẹ̀. Torí kí n lè tètè wẹ̀!


Ọjọ́ Ẹtì, 13

Dára pè láti Port Harcourt. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lánàá, mi ò rò pé ó sùn. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ara yín. Tíṣà ni Mọ́mì. Wọ́n mọ̀wé jù yín lọ, ẹ má bínú. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọ́n ti rí i, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀."

Mo ti ń rò ó látàárọ̀. Òótọ́ ni. Ó mọ̀wé jù mí lọ. Ó kà á, ó gbà, àwa méjèèjì la ṣìnà. Ẹ̀bi ẹni méjì fúyẹ́ ju ti ẹnì kan lọ. Mo lè gbé èyí.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Ebiere ń gún ata, ó ń fi imú kọ ọ́: *sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jókòó.* Mo jágbe mọ́ ọn níwájú oníbàárà. Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n wá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ni? Ó ní, "Oga, na only my nose." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Snake Island wá wáṣẹ́, lẹ́yìn tí odò gbé ọkọ òun lọ, òun ò ní i lọ́kàn láti wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa. Òun ń kọjá lọ ni. Òun gbọ́ tí obìnrin kan ní kí òun jókòó. Òun ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá nígbà yẹn, ohùn náà ló yé òun.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò kì í bẹ èèyàn.


Ọjọ́ Ajé, 16

Akpevwe àti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ dá owó ìwé àṣẹ jọ. Wọ́n ti gbé fìlà kan káàkiri kí n tó rí wọn. Mo ní kí wọ́n kó o padà. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe owó, owó rẹ̀ kò pa mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi tí mo gbé e níyàwó, èmi tí mo wẹ̀ fún un lóṣù tó kẹ́yìn, àlejò ni mo máa lọ tọrọ ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Mo máa gba ìwé àṣẹ náà. Mo ṣèlérí fún Fọláyọ̀. Ìbínú mi kò tó ìlérí.


Ọjọ́bọ̀, 19

Mo ti gbà á. Ìwé kan tó nípọn, òǹtẹ̀ lára rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọn ò ṣì í kọ. Bàtà Dídán dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó dá ìwé Fọláyọ̀ padà nínú àpòòwé. Fáìlì kúnlẹ̀, ó ní òun wá orin náà gbọ́, òun ń fi sí i fún ìyá òun. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa ṣọ́ra, kò ní ìwé àṣẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹnu yà mí.

Mo kéde fún gbogbo wọn: ọ̀la, aago mẹ́rin. Ebiere ti ń nu Dúdú. Mo jẹun tán lónìí, abọ́ mi mọ́.


Ọjọ́ Ẹtì, 20

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo tètè dé ṣọ́ọ̀bù. Mo lẹ ìwé àṣẹ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kánsù. Mo yọ ìwé Fọláyọ̀ nínú àpòòwé kí n dá a padà sínú nylon rẹ̀. Mo kà á, mẹ́rin, ọwọ́ mi ò kọ́gbọ́n. Oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sórí ojú ìwé kẹta, mo sì rí i pé nǹkan wà lábẹ́ tíìkì mi. Pẹ́ńsùlù. Ó ti ṣá. Fọ́tòkọ́pì ò gbé e.

Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni, ọwọ́ tíṣà: *Títí láé kẹ̀? Kí Bàbá Dára bá mi ka ibí yìí.*

Tíìkì mi gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ó ti kà á. Ó ti rí i kó tó gbé e wá. Kò dá a lójú, ó wá bá mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ bá mi kà á. Kí n wo inú rẹ̀ ló ń sọ. Mo ka bébà! Obìnrin bi mí ní ọ̀rọ̀, mo dá a lóhùn iye ewé. Mo ní ó pé, ó sì rò pé mo ti wò ó, pé mo ti rí ibẹ̀, pé kò léwu. Ó gbà mí gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Wíwò tó wò mí yẹn — kì í ṣe ayọ̀. Ó ń retí kí n tún sọ nǹkan kan ni.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la tún fi jọ gbé lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kásẹ́ẹ̀tì tà, kò rí nǹkan kan gbà, kò sì fi í bú mi rí. Kò ṣe òmíràn mọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kíkọ́ ọmọ níwèé ló gba àkókò rẹ̀.

Dára ní kí n má pa ara mi. Mi ò lè pe Dára. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀bi ẹni méjì, ó ti padà di ti ẹnì kan.

Aago mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀bù kún, àwọn kan ò ríbi jókòó. Akpevwe wo ìwé àṣẹ lára ògiri, ó pàtẹ́wọ́. "Oga Tally, oya now! Make Mama sing." Mo mú fóònù. Orúkọ orin náà wà lójú rẹ̀, ìka mi dé orí rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń dúró. Ebiere rò pé ojú mi ò ríran dáadáa. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́.

Ó dé. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo ibẹ̀, kò yàtọ̀. *Ẹrù kì í ṣe orí, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jókòó.* Gbogbo wọn gbé e. Akpevwe ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo gba ẹ̀yìn lọ síbi tí a ń to kírétì sí. Ogún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Orin ń lọ. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọn ò pé.